Fọ́tò Tọ́, Eyín Ò Tọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá parí, mi ò ní bá a jà, torí èmi náà á ti máa rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Eyín ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Eyín tèmi. Wọ́n pọ̀ ju àyè tí wọ́n rí dúró sí lọ, wọ́n sì ń fi èjìká ti ara wọn bí èrò tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì iwájú lókè gun ara wọn. Láti kékeré ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí ẹnì kan bá pa mí lẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi á ti dé ètè kí ẹ̀rín tó débẹ̀. Ọlọ́wọ́-lẹ́nu ni wọ́n ń pè mí níléèwé.

Nígbà tí mo jáde iléèwé girama, tí mo ń dúró de èsì ìdánwò, mo lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé fọ́tò kan. Ẹ wo eré ayé: èmi tí n kò lè rẹ́rìn-ín ni mò ń sọ fún àwọn èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, ló ń jókòó sídìí tábìlì iwájú nílé ìtọ́jú eyín kan. Ilé ìtọ́jú yìí ní òfin kan fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mú ará ilé rẹ̀ wá kí wọ́n tọ́jú eyín rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí ti ẹni àkọ́kọ́ ò bá tíì parí, ti ẹnì kejì ò lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹni méjì ni eyín sì ń dà láàmú nílé wa. Èmi ni ẹnì kan. Mọ́mì ni ẹnì kejì.

Aránṣọ ni Mọ́mì. Eyín iwájú wọn mú ṣáṣá, òun ni wọ́n fi ń já òwú. Ṣùgbọ́n àwọn eyín inú lọ́hùn-ún, àwọn tí a fi ń lọ oúnjẹ, ti lọ tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Eyín iwájú ni Mọ́mì fi ń jẹun bí ehoro. Bí ẹran bá wà nínú oúnjẹ, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́ bí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ti Mọ́mì ló yẹ kó ṣáájú," Àǹtí mi sọ.

"Èmi?" Mọ́mì ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Èmi tí mo ti jẹun tó báyìí? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rẹ́rìn-ín ná. Ó ti di géńdé, mi ò rí ẹ̀rín ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ ni mò ń rí."

"Mọ́mì, ẹ máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí tiyín gbà o."

"Oṣù mélòó ni? Bí tiẹ̀ bá parí, èmi náà á lọ gba tèmi. Màá wá jẹ ẹran tó le bí bàtà. Ẹ máa wò mí."

Báyìí ni mo ṣe gba àyè Mọ́mì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Kì í ṣe wáyà ni wọ́n fún mi. Ike tín-ín-rín ni, ó mọ́ gaara bí omi, wọ́n mọ ọ́n bá eyín ẹni gẹ́lẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ wọ eyín, á dún káú, ẹni tó jókòó tì ọ́ lè má mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Dókítà eyín, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka àlàyé ara páálí oògùn, fi ìka kà á fún mi.

"Ike mẹ́rìnlá ni. Ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Wákàtí méjìlélógún lójúmọ́ ló gbọ́dọ̀ fi wà lẹ́nu ẹ. O máa yọ ọ́ jẹun, o máa fọ eyín, o máa dá a padà. Omi nìkan ni kó o máa mu sí i. Súìtì, gbàgbé ẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà."

"Bó o bá ti pààrọ̀ ọ̀kan, ya fọ́tò eyín ẹ kó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìyẹn ò le fún ẹ. O ṣáà ń ṣiṣẹ́ nílé fọ́tò."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyá yìí ò mọ nǹkan tó fi lé mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan fẹ̀yìn ti eyín mi, tó sì kọ̀ láti dìde. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Búrọ́ọ̀ṣì wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi bíi bírò. Bí ẹnì kan bá fi bisikíìtì lọ̀ mí, mo ní láti ronú bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀: kí n yọ ike, kí n jẹ bisikíìtì, kí n wá omi, kí n fọ eyín, kí n dá ike padà. Bisikíìtì kan! Mo máa ń ní, "Mo ti yó, ẹ ṣé."

Mo fara da ìkínní. Mo fara da ìkejì. Mo rí àlàfo kékeré láàárín eyín méjì tó gun ara wọn, irú èyí tí fọ́nrán òwú kan lè gbà kọjá. Mọ́mì tiẹ̀ fi òwú dán an wò. Ó kọjá. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pa iná ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

Ike kẹta ni ìdánwò dé.

Ọmọbìnrin kan ń ta ìwé àti bírò ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tiwa. Yíǹkì búlúù kì í kúrò ní àtàńpàkò rẹ̀. Bó bá ń ka owó fún oníbàárà, á máa mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Mo mọ gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan ó wọlé wá ya pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀gá mi ti jáde. Mo ní kó jókòó, kó sinmi èjìká. Ike wà lẹ́nu mi, ahọ́n mi sì kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde wúyẹ́wúyẹ́, itọ́ díẹ̀ sì bá a jáde.

Ó yí ojú sí mi. "Kí ló wà lẹ́nu ẹ?"

Mo pa ètè dé kí ike má baà hàn.

"Súìtì ni, àbí?"

Ẹ gbọ́, ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́. "Ẹ̀n-ẹ́n, súìtì ni."

Ó nawọ́. "Fún mi ní ọ̀kan. Ahun."

"Ó ti tán. Èyí ló kù. Lọ́la, màá mú tìẹ wá."

"Mo máa bèèrè o."

Ó bèèrè lóòótọ́. Mo sì ti ra odindi ọ̀rá súìtì kan dè é. Ó mú méjì, ó ju ọ̀kan sẹ́nu, ó na ọ̀kan sí mi. "Jẹ tìẹ ká jọ jẹ ẹ́."

Mo kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń tún aṣọ ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣe. Mo yọ ike, mo fi tíṣù wé e, mo kì í bọ àpò. Nígbà tí mo yíjú padà, ẹnu mi fúyẹ́, ọ̀rọ̀ mi já geere. Mo bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá!

Láti ọjọ́ náà ló ti ń yà sọ́dọ̀ wa ní ọ̀sán. Ó sọ mí ní Oní-súìtì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí kan. Wákàtí kan di gbogbo ọ̀sán. Nígbà tó yá mo ní, kí ni mo tiẹ̀ ń dá a padà fún láàárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé mo tún máa tó yọ ọ́? Lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń nu bàtà, ni màá bá tẹ̀ ẹ́ wọ eyín, káú, kí n tó wọlé.

"O ń gbìyànjú," Àǹtí mi á sọ bí wọ́n bá rí i tó ń dán. "Àwọn ọmọ olówó tó ń wá síbi iṣẹ́ wa ò lè ṣe tó ẹ."

Màá fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n á rò pé ojú ń tì mí.

Ọjọ́ tó yẹ kí n wọ ìkẹrin, mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó dúró lórí eyín mi bíi fìlà ọmọdé lórí àgbàlagbà. Eyín mi ò kúrò níbi tí ìkejì fi wọ́n sí, wọ́n tiẹ̀ ti ń wá ọ̀nà ilé.

Ẹni tó gbọ́n á pe Dókítà. Èmi lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò ṣe. Mo lè yọ rorẹ́ kúrò lójú, mo lè tọ́ táì tó wọ́, mo lè la ojú ẹni tó dijú. Eyín wá jẹ́ kí ni? Mo ya fọ́tò ẹnu mi, mo fi máòsì ti eyín kan sọ́tùn-ún díẹ̀, mo ti èkejì sẹ́yìn díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fi ránṣẹ́.

Èsì dé kí n tó jókòó dáadáa: "Ó dára gan-an! Má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́."

Bí mo ṣe ṣe ìkẹrin nìyẹn, bí mo ṣe ṣe ìkarùn-ún àti ìkẹfà náà nìyẹn. Ike kẹta ṣì ni mò ń wọ̀ wọlé, torí òun nìkan ló ń gba ẹnu mi. Ta ló máa ka nọ́ńbà tó wà lára ike tó wà lẹ́nu ẹni?

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí mo dé orí ìkeje, eyín tí mò ń fi máòsì tì ti ń rí bí àbẹ́là tó ń yọ́. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì á bú sẹ́rìn-ín. Mo nílò eyín gidi.

Fọ́tò Àǹtí mi sì wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n wá yà fún káàdì òṣìṣẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, gbogbo eyín wọn hàn, funfun báláú, èjí kan láàárín iwájú. Mo gé e láti ètè dé ètè. Mo gbé e wá sẹ́nu tèmi. Mo dí èjí náà pa, torí mi ò léjìí. Mo tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Mo wá fẹ̀yìn ti àga, mo wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín. Mo wo fọ́tò náà pẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rí bí ojú mi ṣe máa rí bí mo bá rẹ́rìn-ín láìbo ẹnu. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Mo fi ránṣẹ́ kí n má baà tún un rò.

Dókítà ò wulẹ̀ fèsì, wọ́n pè mí ni. "Ó yà mí lẹ́nu! Ọmọ kan wà níbí tí kò fẹ́ wọ tiẹ̀, mo fi fọ́tò rẹ hàn án, ó sunkún, ó sì wọ̀ ọ́." Bisikíìtì tó wà lẹ́nu mi kọ̀, kò lọ, kò bọ̀. "O ń sáré ju ike lọ. Tó o bá wọ ìkẹjọ, wá lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mú Mọ́mì dání. Bí mo bá rí i pé ó rí bó ṣe rí ní fọ́tò yìí, mo lè dín ike rẹ kù, ká ka tìrẹ sí èyí tó ti parí. Ọjọ́ náà gan-an la máa wọn ẹnu Mọ́mì."

Àǹtí mi ti gbọ́ níbi iṣẹ́ kí n tó délé. Mọ́mì náà sì ti gbọ́ lẹ́nu Àǹtí mi. Mo bá Mọ́mì tí wọ́n ń lọ búláòsì tí wọn kì í wọ̀ bí kò bá ṣe ọjọ́ pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ẹtì náà ṣì ku ọjọ́ mọ́kànlá.

"Kí ni kí n kọ́kọ́ jẹ?" wọ́n bi ara wọn, wọ́n sì dá ara wọn lóhùn. "Ẹ̀pà. Ẹ̀pà yíyan tó ń dún lẹ́nu."

"Ẹ rọra o, Mọ́mì," Àǹtí mi ní. "Wọn ò tíì wọn ẹnu yín."

"Ìwọ jẹ́ kí n máa jẹ ẹ́ lọ́kàn ná."

Mo súnmọ́ wọn. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ọlọ́run gbọ́. "Mọ́mì..."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Ẹ kú iṣẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, mo ní ara mi ò yá. Mọ́mì fọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n ní ara mi tutù ju omi kànga lọ. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo fẹ́ fi agbára tẹ ìkẹjọ wọ eyín. Ó dún, ṣùgbọ́n kì í ṣe káú. Ó dún páá, ó là sí méjì. Mo fi ìkẹta sẹ́nu bí ẹni tó ń padà sídìí iṣẹ́ àná, mo sì tẹ̀ lé Mọ́mì.

Yàrá Dókítà tutù. Fìtílà ńlá kan wà lókè àga, ó tẹ orí bá bí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Ara Dókítà yá gágá. Wọn ò tiẹ̀ ní kí n la ẹnu.

"Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín." Wọ́n yí ojú kọ̀ǹpútà sí Mọ́mì. Fọ́tò náà kún ojú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, eyín kọ̀ọ̀kan tó ọwọ́ ọmọdé. "Kí lẹ rí?"

Mọ́mì wò ó. Wọ́n mú gíláàsì ojú wọn jáde nínú báàgì, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n tún wò ó. Mo rí i tí ètè wọn ń mì díẹ̀díẹ̀, bíi ti ìgbà tí wọ́n bá ń wọn aṣọ tí iye rẹ̀ ò bára mu.

"Dókítà," wọ́n ní jẹ́jẹ́, "eyín yìí, mo mọ ọjọ́ tó yọ."

"Ẹ ò gbọdọ̀ má mọ̀ ọ́n, mà. Ìyá ni yín."

"Mo mọ ọjọ́ tó yọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ọmọkùnrin yìí ló ti yọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí àwàdà ò tíì yé. Mọ́mì fi ìka kan eyín kan lórí gíláàsì náà. Níbi igun rẹ̀, ibì kékeré kan ti kán, kò tó hóró ìrẹsì.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tó fi ibí yìí gbá irin. Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Èmi tí mò ń rí yíǹkì ní àtàńpàkò ọmọlọ́mọ, mi ò rí ìyẹn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àǹtí mi ló ń gbé fáìlì wọlé. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà. Fáìlì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ahọ́n kan eyín tiwọn, bí ẹni tó ń yẹ àpò wò bóyá owó ṣì wà níbẹ̀.

"Eyín mi nìyí!" Wọ́n tún súnmọ́ ọn. Ohùn wọn gòkè. "Èjí mi dà? Ta ló dí èjí mi?"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì àti díẹ̀ ló lò, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"La ẹnu," Dókítà sọ fún mi.

Mo là á. Wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n tún wo ẹnu mi. "Ike kelòó nìyí?"

"Ìkẹta, mà."

"Ìkẹta." Wọ́n jókòó. "Mo rò pé eyín rẹ nìkan ló wọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Súìtì, tíṣù, máòsì. Ìtìjú jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìmí. Nígbà tí mo parí, Dókítà bèèrè ta ló kọ́ mi ní iṣẹ́ fọ́tò yẹn. Mo ní ọ̀gá mi ni. "Ó mọṣẹ́ ẹ̀," wọ́n ní, ṣùgbọ́n ojú wọn ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ̀ pé mo fi eyín yìí dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Àwọn ike yòókù ò lè gba ẹnu mi mọ́. Wọ́n máa tún ẹnu mi wọ̀n, wọ́n máa ṣe òmíràn, a sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù méje tuntun. "Ti Mọ́mì á tún dúró nìyẹn," wọ́n ní, wọ́n yíjú sí wọn. "Ẹ mọ òfin wa."

Mọ́mì ò bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn tẹ́ ọwọ́ sórí búláòsì tí wọ́n ti lọ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá. "Kò burú," wọ́n ní. "Ẹ̀pà ò ní sá lọ."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yẹn ló fà mí dìde. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga.

"Dókítà, ẹ jẹ́ kí tèmi dúró." Itọ́ ta jáde, ahọ́n mi kọsẹ̀ lára ike, mi ò bìkítà. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ ti Mọ́mì lónìí. Bí tiwọn bá parí, kí ẹ tó wọn ẹnu mi. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ wọ̀n ọ́n mọ́, ó tọ́ sí mi."

Gbogbo wọn ń wò mí. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ mi ò sí lẹ́nu mi.

"Bó pẹ́, bó yá, akólòlò á pe baba," Mọ́mì sọ lábẹ́lẹ̀.

Dókítà ronú díẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n ike kẹta ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu mi, wákàtí méjìlélógún lójúmọ́, títí iṣẹ́ Mọ́mì á fi parí. Kò ní tọ́ eyín kankan o. Ó kàn máa mú wọn dúró síbi tí wọ́n wà ni. "Fọ́tò ńkọ́, mà?" mo bèèrè. Dókítà wò mí títí mo fi tẹ orí ba. "Máa wá fi ẹnu gangan hàn mí."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Àǹtí mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n pè mí láti yàrá wọn. "Olè eyín! Wá gbé oúnjẹ ẹ." Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń dárí jì mí.

"Ṣebí inú ilé ló ti jí i," Mọ́mì bá mi bẹ̀ wọ́n. "Kò jí ti ará ìta."

"Mọ́mì, ti pé ó jí i ò dùn mí. Ó dí èjí mi!"

Mo sọ fún Ọ̀gá mi náà. Wọ́n ní kí n ṣí fọ́tò náà, wọ́n sún mọ́ ọn. "O ṣe àwọ̀ rẹ̀ dáadáa," wọ́n ní. Lẹ́yìn náà wọ́n pa á rẹ́, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu ẹnikẹ́ni nínú kọ̀ǹpútà àwọn fún oṣù mẹ́ta. Táì nìkan ni kí n máa tọ́.

Ó wá ku ọmọbìnrin súìtì. Nígbà tó wọlé lọ́sàn-án, mo jẹ́ kí ike wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe súìtì. Kò fìgbà kankan jẹ́ súìtì." Mo la ẹnu, mo fi hàn án.

Ó wò ó dáadáa, ó wá mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ o! Mo ti máa ń rí i tí o ń fi tíṣù wé nǹkan tó rí bí eyín. Mo rò pé eyín àtọwọ́dá ni. Mo ní, ọmọdé báyìí, kò léyín lẹ́nu! Àánú ẹ ló ń ṣe mí. Ṣé o ò rí i pé súìtì tó rọ̀ ni mo máa ń ṣà fún ẹ?"

Gbogbo irọ́ tí mo pa kó má baà rò pé nǹkan kan ń ṣe ẹnu mi, ó ti kà mí mọ́ àwọn arúgbó láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni eyín Mọ́mì dé. Àtọwọ́dá ni, ó wà nínú àpótí kékeré aláwọ̀ ewé. Wọ́n wọ̀ ọ́ nílé ìtọ́jú, wọ́n bojú wo dígí, wọ́n dúpẹ́ títí. Lójú ọ̀nà, wọ́n ra ẹ̀pà.

Ọjọ́ kejì, mo tètè darí dé láti ibi iṣẹ́. Mọ́mì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ń fi búrẹ́dì bọ tíì, wọ́n ń fi eyín iwájú jẹ ẹ́ bí ehoro. Ẹ̀pà wà nínú àwo níbẹ̀, kò dín. Nígbà tí wọ́n rí mi, ọwọ́ wọn sáré bo agolo bọ́tìnnì wọn.

Mo ṣí i. Láàárín bọ́tìnnì àti òwú, eyín ìyá mi jókòó, wọ́n fi tíṣù wé e.

Mo wo Mọ́mì. Mọ́mì wo òkè àjà.

"Ó ń fún mi lẹ́nu," wọ́n ní. "Ó sì ń jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́ níwájú àwọn oníbàárà mi." Wọ́n wá fa ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá wà nípò mi, kí lẹ máa sọ? Mo fọ eyín náà, mo gbé e fún wọn. "Mọ́mì, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi mí."

"Ìwọ ni kí n bi?"

"Èmi náà ni, Mọ́mì. Ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo ti bàjẹ́."

Wọ́n wọ̀ ọ́. Ojú wọn fún, ṣùgbọ́n wọn ò yọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àǹtí mi wọlé. Mọ́mì kí wọn káàbọ̀, èmi náà kí wọn káàbọ̀. Wọ́n dúró, báàgì ṣì wà ní èjìká wọn, wọ́n ń wo Mọ́mì, wọ́n ń wò mí.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há súìtì sẹ́nu?"

Mọ́mì kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, eyín titun yẹn ń dún lẹ́nu wọn. Mo yọ ike mi nítorí ẹ̀pà, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Mọ́mì náà bù. Wọ́n jẹ hóró kan, ó dún pàkà, ojú wọn là bí ẹni tó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ àtijọ́.

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Eyín mi ṣì gun ara wọn o, ẹ má ṣi mí gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ọwọ́ mi, inú àwo ẹ̀pà ni mo ti bá a.